Bí Mo Ṣe Yan Àyè Tí A Gbé RV Wa Sí Lẹ́bàá Ìlú

Ọ̀pọ̀ ènìyàn tó ń fi RV, ìyẹn ilé alágbèéká tó ní táyà, rìnrìn-àjò ní Amẹ́ríkà, ọgbà tí wọ́n máa gbé e sí ni wọ́n máa ń yàn: wọ́n á wo fọ́tò, wọ́n á ka ìràwọ̀ tí àwọn tó ti lò ó fún un, wọ́n á sanwó. Àyè ni mo yàn ní tèmi, nọ́ńbà kan pàtó nínú ọgbà. Nínú ọgbà kan ṣoṣo, àyè kan lè tẹ́jú kí iná rẹ̀ sì péye, kí èyí tó tẹ̀ lé e kún fún ẹrẹ̀. Òru márùn-ún la fẹ́ lò lẹ́bàá ìlú kan tí kò tóbi jù, tí kò sì kéré jù.

Kí n tó wo máàpù kankan, mo mú tépù, mo wọn RV náà fúnra mi. Nọ́ńbà 28 ló wà lára orúkọ tí wọ́n fi tà á, bí ẹni pé ẹsẹ̀ bàtà 28 ni gígùn rẹ̀, ṣùgbọ́n láti orí irin tí a fi ń so ó mọ́ ọkọ̀ títí dé àkàbà ẹ̀yìn, ẹsẹ̀ bàtà 31 ó lé díẹ̀ ni. Àyè tí wọ́n bá pè ní ẹsẹ̀ bàtà 30 kò lè gbà á, ká má tíì sọ ti ọkọ̀ tó ń fà á. Yàrá tó ń yọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ń jáde tó ẹsẹ̀ bàtà 3, torí náà igi tàbí òpó kò gbọ́dọ̀ sún mọ́ ọn jù bẹ́ẹ̀. Gíga rẹ̀ dé orí ẹ̀rọ amúlétutù tó wà lórí òrùlé jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 11 àti íńṣì 10. Mo kọ ọ́ sórí bébà, mo lẹ̀ ẹ́ síbi tí ojú awakọ̀ ti máa rí i. Afárá ojú irin kan wà ní Durham, North Carolina, tó ti bó òrùlé ọ̀pọ̀ ọkọ̀: ẹsẹ̀ bàtà 11 àti íńṣì 8 ni gíga rẹ̀ títí di 2019, tí wọ́n gbé e sókè sí 12 àti íńṣì 4. Síbẹ̀ náà, ọkọ̀ ṣì ń kọlù ú.

Iná ló kàn. Sọ́kẹ́ẹ̀tì 30 amp ní ẹsẹ̀ mẹ́ta, ti 50 amp ní mẹ́rin, àwọn kan sì rò pé 50 kàn fi díẹ̀ ju 30 lọ ni. Kò rí bẹ́ẹ̀. 30 amp lórí 120 volt jẹ́ watt 3,600. Ti 50, wáyà iná méjì ló ń gbé e wọlé, ìkọ̀ọ̀kan sì ní 50 amp tirẹ̀, àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ watt 12,000. RV tiwa jẹ́ ti 30. Ẹ̀rọ amúlétutù rẹ̀ ń jẹ tó amp 13, ẹ̀rọ tó ń mú omi gbóná ń jẹ tó 12, microwave náà fẹ́rẹ̀ẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Bí a bá tan mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀, bírékà á já. Àyè 30 tó fún wa, bí a bá ti ń pa ọ̀kan kí a tó tan òmíràn. Ẹni tí RV rẹ̀ ní ẹ̀rọ amúlétutù méjì, kó wá 50.

Ti omi ìdọ̀tí ni mo fara balẹ̀ sí jù. Táǹkì omi ìwẹ̀ àti omi abọ́ wa gba gálọ́ọ̀nù 40. Ènìyàn mẹ́rin tí kò bá ṣọ́ omi lò á kún un láàárín ọjọ́ méjì sí mẹ́ta, torí náà àyè tí kò ní ihò ìdọ̀tí tirẹ̀ á fipá mú wa tú ohun gbogbo palẹ̀, kí a wa RV lọ síbi ìdàdọ̀tí, kí a tún padà wá tò ó. Mo béèrè ibi tí ihò náà wà gan-an. Ẹ̀gbẹ́ òsì lápá ẹ̀yìn ni ẹnu táǹkì sábà máa ń wà. Bí ihò bá wà níwájú, rọ́bà tó gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 15 kò ní í dé ibẹ̀. Bí ihò bá sì ga ju ẹnu táǹkì lọ, omi kò ní í ṣàn gòkè. Pé ihò wà nítòsí kò túmọ̀ sí pé kí ẹ ṣí táǹkì ìgbọ̀nsẹ̀ sílẹ̀ o. Omi á ṣàn lọ, ìgbẹ́ á jókòó, á gbẹ, á sì le bí bíríkì. Ẹ tì í pa títí tí yóò fi kún dé ìdá méjì nínú mẹ́ta, kí ẹ tó da gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

Ìgbà yẹn ni mo tó ṣí máàpù, mo sì lo àwòrán tí wọ́n yà láti òfuurufú. Ojú irin ni mo kọ́kọ́ wá, pàápàá ibi tí títì ti dá a kọjá. Òfin Amẹ́ríkà ní kí ọkọ̀ ojú irin fọn fèrè ní ìṣẹ́jú àáyá 15 sí 20 kó tó dé irú ibẹ̀: gígùn méjì, kúkúrú kan, gígùn kan, lóru lọ́sàn-án. Ọgbà méjì ni mo fi èyí yọ kúrò. Mo yọ àyè etí odò náà, bó ti wù kó rẹwà tó. Odò tó kún lóru kì í kanlẹ̀kùn.

Ẹ má fi wíwá yín mọ sí ọgbà aládàáni. Lẹ́bàá irú ìlú báyìí, ìpínlẹ̀ máa ń ní ọgbà, iléeṣẹ́ ẹnjiníà àwọn ológun sì ní ibùdó létí ọ̀pọ̀ adágún tí wọ́n fi ìsédò ṣe, Recreation.gov, ìkànnì ìjọba àpapọ̀, ni wọ́n ti ń gba àyè níbẹ̀, iye ọjọ́ tí ènìyàn lè lò kì í sì í sábà ju 14 lọ. Pápá ìpàtẹ ọjà ọlọ́dọọdún náà sábà máa ń ní iná àti omi. Bí yunifásítì bá wà nílùú, ẹ wo ọjọ́ bọ́ọ̀lù àti ìkẹ́kọ̀ọ́jáde wọn. Àyè kì í ṣẹ́kù lópin ọ̀sẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Nínú ohun tí àwọn tó ti lò ó kọ, ti oṣù tí àwa náà ń lọ nìkan ni mo kà. Mo wá pe àwọn tó ń bójú tó ọgbà lórí fóònù: ṣé a lè wa ọkọ̀ gba inú àyè náà já, àbí ẹ̀yìn la máa fi wọlé? Ṣé ẹ ń gba RV tó ti ju ọdún 10 lọ? Àwọn ọgbà kan kì í gbà á. Ibo ni ilẹ̀ dà sí?

Nígbà tí a débẹ̀, mo pa bírékà òpó iná kí n tó ki ohunkóhun bọ̀ ọ́. Mo tanná wo ojú ihò sọ́kẹ́ẹ̀tì: ike rẹ̀ ti dúdú yíká ihò kan, ó sì yọ́ díẹ̀ létí, àmì pé ó ti ń gbóná jù. Mo padà lọ bá wọn ní ọ́fíìsì, wọ́n fún wa ní àyè kejì sí i. Èyí mọ́ tónítóní. Mo ki ẹ̀rọ tó ń dáàbò bo iná bọ̀ ọ́, ó ka volt 121. Ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, tí gbogbo ọgbà ti tan ẹ̀rọ amúlétutù, ó sọ̀ kalẹ̀ sí 113. Ìyẹn ṣì dára. Bó bá ń lọ sí 104, ẹ pa ẹ̀rọ amúlétutù kí mọ́tò rẹ̀ má baà jó.

Mo fi ohun tó ń dín agbára omi kù sẹ́nu ẹ̀rọ omi kí n tó so rọ́bà, torí páìpù inú RV fẹ́ 40 sí 60 psi (òṣùwọ̀n agbára tí omi fi ń tì), ẹ̀rọ omi ọgbà sì lè jù bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa. Lẹ́yìn náà mo ki pákó bọ abẹ́ táyà ọ̀tún títí RV fi tẹ́jú, torí fíríìjì tó ń lo gáàsì kì í tutù bó bá dà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ẹ̀yìn ìyẹn la tó tú ọkọ̀ kúrò lára rẹ̀.