Bí ẹ ṣe lè fi agolo méjì ṣàlàyé quantum dot oníbejì

Ọ̀bà-Ilé, l'Àkúrẹ́ níbí, ni mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní físíìsì. Quantum dot ni ibi tíntìntín kan tí a há ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù mọ́; oníbejì ni méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, tí ìdènà agbára tí mo pè ní ògiri wà láàárín wọn. Ẹ ta okùn sáàárín àga méjì, kó dẹ̀ díẹ̀. Ẹ so agolo mílíìkì méjì tí iyanrìn kún inú wọn rọ̀ sórí rẹ̀, kí okùn wọn gùn bákan náà. Rúlà ni kí ẹ fi wọ̀n ọ́n. Ẹ pa fáànù. Ẹ wá ti ọ̀kan.

Láìpẹ́ yóò dúró, èkejì yóò máa fì, yóò sì tún dá fífì náà padà. Bí okùn òkè bá le, pàṣípààrọ̀ náà á falẹ̀; bẹ́ẹ̀ ló rí bí ògiri àárín dot méjì bá nípọn.

Ẹ gé okùn agolo kan kúrú: fífì náà kò ní kọjá tán mọ́. Ibí yìí ni mo máa ń pẹ́ sí jù. Nínú dot, fóltéèjì la fi ń mú agbára ìhà méjèèjì dọ́gba, kí ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù lè gba inú ògiri kọjá láìfò ó. Bí wọn ò bá dọ́gba, ìhà kan ni yóò máa gbé jù.

Àmọ́ ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù kì í ṣe agolo o! Kò ṣeé pín. Ohun tó ń lọ tó ń bọ̀ ni ṣíṣeéṣe pé a ó bá a níhìn-ín tàbí lọ́hùn-ún. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ ọ́ fún wọn kí wọ́n tó tú okùn.