Bí Ẹ Ṣe Lè Ta Jìtá Bíi Bo Diddley

Àwọn ọmọ tí mo ń kọ́ ní jìtá, kọ́ọ̀dù (ohùn mélòó kan tó ń dún pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà) ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ bèèrè. "Bọ̀ọ̀dá, kọ́ọ̀dù mélòó ló wà níbẹ̀?" Tó bá jẹ́ orin Bo Diddley, olórin rock and roll ará Amẹ́ríkà, ni, ẹyọ kan ni mo máa ń sọ fún wọn, ojú wọn á sì fà ro. Wọn ò tíì mọ̀ pé ọwọ́ ọ̀tún ni iṣẹ́ wà.

Jìtá ni kí ẹ kọ́kọ́ yí. Bo Diddley kì í so okùn tirẹ̀ bí gbogbo ayé ṣe ń so ó. Kọ́ọ̀dù E ló máa ń yí i sí, tó fi jẹ́ pé bí ọwọ́ òsì ò bá tiẹ̀ kan nǹkan kan, odindi kọ́ọ̀dù ló máa dún. Ẹ kà á láti orí okùn tó nípọn jù: E, B, E, G♯, B, E. Ìyẹn ni pé ẹ ó fa A sókè di B, D di E, G di G♯. Ẹ fi mẹ́ta tó kù sílẹ̀. Bí okùn yín bá ti gbó, ẹ má dán an wò, ó lè já lù yín lójú. Ẹ sọ gbogbo rẹ̀ kalẹ̀ sí D (D, A, D, F♯, A, D), kí ẹ wá fi capo, ohun tí wọ́n fi ń há gbogbo okùn mọ́ ọrùn jìtá, há a ní fírẹ́ẹ̀tì kejì (fírẹ́ẹ̀tì ni àwọn irin tó dábùú ọrùn jìtá). Bí orin bá fẹ́ kọ́ọ̀dù mìíràn, ìka kan ni ẹ ó tẹ́ gbọọrọ lé gbogbo okùn: fírẹ́ẹ̀tì karùn-ún fún A, ìkeje fún B. Ẹni tó bá lo capo, ibi capo ni kó ti bẹ̀rẹ̀ sí í kà.

Ó yá, ẹ gbé jìtá sílẹ̀ ná, ká pàtẹ́wọ́. Ẹ rọra kà láti 1 dé 16, kí ẹ pàtẹ́wọ́ lórí 1, 4, 7, 11 àti 13, kí ẹ sì tún bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá mọ agogo háíláìfù á ti máa rẹ́rìn-ín. Àwọn ará Cuba ń fi igi méjì lù ú, clave ni wọ́n ń pè é. Ní Amẹ́ríkà, itan àti àyà làwọn èèyàn dúdú máa ń gbá, hambone lorúkọ rẹ̀ lọ́dọ̀ wọn. Láyé oko ẹrú, àwọn ibì kan wà tí òfin ò gbà kí ẹrú lulù rárá, ara wọn ni wọ́n wá ń lù.

Àárín 7 sí 11 ló ń dá ọ̀pọ̀ èèyàn dúró. Ààyè ibẹ̀ gùn ju àwọn ti ìṣáájú lọ, ọwọ́ á sì máa yún yín láti tètè lù ú. Bó bá bọ́ sórí 10, orin mìíràn lẹ ń ta yẹn. Ẹ ní sùúrù kó dé 11.

Ẹ wá gbé jìtá. Ọwọ́ ọ̀tún ò gbọdọ̀ dúró: sísàlẹ̀, sókè, sísàlẹ̀, sókè, títí tí 16 á fi pé. 1, 3, 5 àti irú wọn bọ́ sí ìsàlẹ̀; 2, 4, 6 bọ́ sí òkè. Ẹ rí i pé nínú márùn-ún tó yẹ kó dún ketekete, 4 nìkan ló bọ́ sí òkè, òun ló sì máa ń dún ṣákálá lọ́wọ́ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́. Ẹ gbá a dáadáa. Fún mọ́kànlá tó kù, ẹ fọwọ́ òsì lé okùn fẹ́ẹ́rẹ́ láìtẹ̀ ẹ́, kó máa dún ṣàkà-ṣàkà.

Ibi tí ọkùnrin yìí ti mú ọwọ́ bẹ́ẹ̀? McComb, ní Mississippi, ni wọ́n bí i sí lọ́dún 1928, ìbátan ìyá rẹ̀ ló tọ́ ọ dàgbà, tó sì mú un lọ sí Chicago ní kékeré. Fáólììnì ló kọ́kọ́ kọ́, ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹ wo fídíò rẹ̀ àtijọ́: ọwọ́ ọ̀tún yẹn ń lọ, ó ń bọ̀ bíi ti ẹni tó ń fa fáólììnì. Ó ta jìtá létí títì ní Maxwell Street ní Chicago kó tó di pé Checker, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe rẹ́kọ́ọ̀dù, gba orin rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dún 1955, èyí tó fi orúkọ ara rẹ̀ pè. Lọ́dún yẹn kan náà, wọ́n ní kó wá kọ orin ẹlòmíràn lórí ètò tẹlifíṣọ̀n Ed Sullivan, tó lókìkí ní Amẹ́ríkà. Tirẹ̀ ló kọ. Wọn ò pè é mọ́. Ẹ bá mi wo àyà!

Ohùn jìtá rẹ̀ máa ń gbọ̀n. Tremolo ló ń ṣe é. Bí amplifáyà yín bá ní in, ẹ yí i títí gbígbọ̀n náà á fi bá ìlù lọ. Bí kò bá bá ìlù mu, ẹ kúkú pa á.

Ẹ má dá a ta. Jerome Green ló máa ń mi maracas fún un. Èmi ò ní ra maracas nígbà tí ṣẹ́ẹ́rẹ́ wà: hóró inú ẹ̀ ló ń dún bíi ti maracas, kì í ṣe ìlẹ̀kẹ̀ ìta bíi ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀. Kí ẹni tó ń mì í má bá yín lu márùn-ún yẹn o, kó máa mì í lọ láìsinmi. Ẹ sì gba sìmbálì lọ́wọ́ onílù. Ìlù tó wúwo ni kó máa lù.

"Mona" ti 1957 ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. "Who Do You Love?" lókìkí lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìlù tí a ń kọ́ yìí kọ́ ló wà níbẹ̀. Bí "Mona" bá ti wọ ọwọ́ yín, ẹ lọ sórí "Not Fade Away" ti Buddy Holly, olórin rock and roll mìíràn, ọdún 1957 kan náà. Ibẹ̀ ni ọwọ́ òsì á ti rí iṣẹ́ ṣe, torí Holly ò dúró sórí kọ́ọ̀dù kan.