Bí Mo Ṣe Tọ́jú Tańtólọ́run Lẹ́yìn Tí Wọ́n La Ikùn Rẹ̀

Kùùkù àgbàdo ni Tańtólọ́run, ajá mi, gbé mì ní ẹ̀yìnkùlé wa ní Igbogbo, ní Ìkòròdú. Ó há sí ìfun rẹ̀, dókítà ẹranko sì la ikùn rẹ̀ yọ ọ́. Mo san owó iṣẹ́ abẹ náà tayọ̀tayọ̀. Owó tó tẹ̀ lé e ló ń dùn mí.

Wọ́n fún mi ní oògùn, wọ́n ní wọ́n á yọ òwú láàárín ọjọ́ 10 sí 14. Kò sẹ́ni tó sọ pé ajá á máa lá ojú ọgbẹ́. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ó ti fi eyín fa òwú já, ẹran pupa ti yọ síta. Wọ́n tún un rán, wọ́n tún gbowó, wọ́n wá ń bi mí pé, “Ṣé ẹ ò fi nǹkan sí i lọ́rùn ni?” Ike ọrùn tí kì í jẹ́ kí ajá lá ojú ọgbẹ́ ni wọ́n ń sọ. Èyí tí wọ́n ní nílẹ̀, ọmọ ajá ló lè wọ̀ ọ́. Mo wá a dé Sábó, mo wá a dé Ìtámagà, n ò rí. Èyí tí mo rí ní Agric, owó gọbọi ni wọ́n pè é.

Ni mo bá tọrọ ike ọ̀dà lọ́wọ́ àwọn tó ń kunlé ládùúgbò. Mo gé ìdí rẹ̀ kó gba ọrùn ajá, mo fi àkísà wé etí ibi tí mo gé kó má baà gé ajá lára, mo lu ihò yíká, mo fi okùn so ó mọ́ bẹ́líìtì ọrùn rẹ̀. Ẹnu ike gbọ́dọ̀ kọjá imú ajá; bí kò bá kọjá, ahọ́n á ṣì débẹ̀. Ó ń fi ike gbá ilẹ̀kùn, ó ń bínú sí mi, àmọ́ kò rí ikùn rẹ̀ lá mọ́. Iṣẹ́ ọwọ́ mi nìyẹn, ó sì dára.

Ìyókù ò le: ìrẹsì rírọ̀ àti ẹran adìẹ tí kò léegun, láìsí ata tàbí àlùbọ́sà, díẹ̀díẹ̀. Kò gbọ́dọ̀ sáré, kò gbọ́dọ̀ wẹ̀. Láàárọ̀ àti lálẹ́ ni mò ń wo ojú abẹ; bó bá ń rùn tàbí tó ń sun ọyún, ilé dókítà kíá. Aládùúgbò kan gbé ibuprofen, oògùn ìrora èèyàn, wá, mo kọ̀ ọ́: ó ń dá ọgbẹ́ sínú ajá, ó sì ń ba kíndìnrín rẹ̀ jẹ́.

Tó bá jẹ́ tèmi, kí wọ́n tó mú abẹ rárá, ẹ ní kí wọ́n gbé ike ọrùn jáde, kí ẹ fi wọn ajá yín. Wọn ò tíì dá owó àtúnrán mi padà. Mo ṣì ń béèrè rẹ̀.