Ebi Ni Àbí Àrùn? Bí A Ṣe Ń Dá Wọn Mọ̀ Lára Àgbàdo àti Tòmátò

Bí ewé àgbàdo bá ti ń pọ́n báyìí, ọ̀dọ̀ ẹni tó ń ta oògùn ni ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ ń sáré gbà. Ẹ má tíì ná kọ́bọ̀. Ẹ lọ sóko láàárọ̀ kí oòrùn tó mú, torí lọ́sàn-án, èyí tí ara rẹ̀ le gan-an máa ń rọ.

Ẹ kọ́kọ́ rin oko náà já. Ebi, ìyẹn kí oúnjẹ inú ilẹ̀ má tó igi, kì í ṣa igi kan mú nínú ogún: níbi tí ilẹ̀ ti ṣá, tàbí tí omi ń dá ró sí, gbogbo ohun tó wà níbẹ̀ ló máa pọ́n pa pọ̀. Àrùn a máa mú ọ̀kan níhìn-ín, ọ̀kan lọ́hùn-ún, á sì máa tàn. Ẹ so ọ̀rá píọ̀ wọ́tà mọ́ àwọn tó ti mú, kí ẹ padà wá wò wọ́n lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.

Ó wá ku ewé, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti ń ṣì í. Ewé wo ló kọ́kọ́ ṣe? Bí ó bá jẹ́ ti ìsàlẹ̀, tó pọ́n láti ṣóńṣó wọnú lọ ní àárín, náítírójìn, ọ̀kan lára oúnjẹ tí igi ń fà nínú ilẹ̀, ni kò tó. Bí etí rẹ̀ bá ń jó tí àárín sì tutù, pọtáṣíọ̀mù ni kò tó. Igi tí ebi ń pa máa ń fa oúnjẹ kúrò lára ewé àgbà fún ewé ọmọ.

Àmọ́ kì í ṣe gbogbo oúnjẹ ló ṣeé fà bẹ́ẹ̀. Síńkì kì í kúrò níbi tó bá wà bọ̀rọ̀. Bí kò bá tó, ewé òkè ló ti ń hàn. Àrùn fáírọ́ọ̀sì tí wọ́n ń pè ní streak náà, ewé òkè ni. Mo ti rí ẹni tó da odindi àpò ajílẹ̀ sórí streak, kò mú nǹkan kan jáde. Ẹ gbé ewé náà sókè kọjú sí oòrùn. Ti síńkì a máa fẹ̀, á funfun lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì iṣan àárín níhà ìdí ewé, etí á ṣì tutù. Ti streak jẹ́ ìlà tín-ín-rín tó ń já, bí ojú abẹ́rẹ́ lára aṣọ, láti ìdí dé ṣóńṣó. Kámẹ́rà fóònù tẹ́ ẹ fà súnmọ́ ti tó, ẹ má wulẹ̀ ra awò tó ń mú nǹkan tóbi. Bó bá jẹ́ streak, ẹ fà á tu. Kòkòrò kékeré tó ń fò láti ewé dé ewé ló ń gbé e kiri. Lọ́dún tó ń bọ̀, ẹ béèrè irúgbìn tí streak kì í tètè mú, IITA, ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ ní Ìbàdàn, ti ṣe é jáde.

Tòmátò tó rọ lójijì tí ewé rẹ̀ ṣì tutù yọ̀yọ̀, ẹ fi abẹ mímú gé igi rẹ̀ nítòsí ilẹ̀, ẹ ki ojú ibi tí ẹ gé bọ omi mímọ́ nínú ife gíláàsì. Ẹ má mì í. Bí omi funfun tẹ́ẹ́rẹ́ bá ń sọ̀ kalẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, àrùn bakitéríà ni. Ajílẹ̀ tàbí oògùn kò lè gbà á là. Ẹ hú u tigbòǹgbò-tigbòǹgbò, ẹ sun ún, ẹ má sì gbin ata tàbí ìgbá síbẹ̀. Èso tí ìdí rẹ̀ dúdú ní tirẹ̀ kì í ṣe àrùn: kálíṣíọ̀mù tí kò dé ibẹ̀ ni, omi tí ẹ ń bu lónìí tí ẹ ń gbàgbé lọ́la ló sì sábà ń fà á.

Bó bá jọ ebi náítírójìn, ẹ dán yúríà, ajílẹ̀ tó ní náítírójìn, wò lórí ebè kan ṣoṣo nígbà tí ilẹ̀ bá tutù. Ẹ bù ú sẹ́gbẹ̀ẹ́ igi, kó jìnnà tó ìbú àtẹ́lẹwọ́, kẹ́ ẹ fi erùpẹ̀ bò ó. Èmi kì í fọ́n ọn sílẹ̀ lásán, púpọ̀ nínú rẹ̀ lè di gáàsì kó bá atẹ́gùn lọ. Ìgbẹ́ adìẹ dára, ṣùgbọ́n ó ń pẹ́ kó tó ṣiṣẹ́, kò bá ìdánwò mu. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan sí méjì, ewé tuntun lẹ máa wò. Èyí tó ti gbẹ nísàlẹ̀ kò ní padà tutù.