Bí a Ṣe Ń Ṣọ́ Ìtẹ́ Àkókó ní Àbújá

Àkókó tí a sábà máa ń rí nínú ọgbà ilé ní Àbújá ni èyí tí orí àti àyà rẹ̀ ní àwọ̀ eérú, tí ẹ̀yìn rẹ̀ ní àwọ̀ ewé, tí òkè ìrù rẹ̀ sì pupa fòò. Àtàrí akọ pupa, ti abo kò pupa. Ẹ mú ìyàtọ̀ yìí lọ́kàn, nítorí pé takọ-tabo ni wọ́n jọ ń gbẹ́ ilé, tí wọ́n jọ ń sàba lé ẹyin, tí wọ́n sì jọ ń bọ́ ọmọ.

Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ẹ jáde ní kùtùkùtù, kí ẹ wá igi tí ẹ̀ka rẹ̀ ti gbẹ, ìbáà ṣe máńgòrò tàbí dóńgóyárò. Ẹ má tíì wòkè. Ilẹ̀ abẹ́ igi ni kí ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò: bí ẹ bá rí èérún igi tí àwọ̀ rẹ̀ ṣì mọ́, tí eruku kò tíì bò ó, ẹyẹ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ gbẹ́ nǹkan lókè ni. Ojú ibi tí ó ti ń wá ìdin jẹ máa ń rí jágbajàgba, ṣùgbọ́n ẹnu ìtẹ́ rí roboto. Ihò náà wọlé tààrà díẹ̀ kí ó tó já sísàlẹ̀ sínú ikùn igi. Àwọn àgbà fi àkókó ṣe yẹ̀yẹ́ pé ó ní òun lè gbẹ́ odó, wọ́n ní ta ni yóò fi odó àkókó gúnyán. Èmi rò pé wọn kò wo ẹnu ihò yìí dáadáa. Àkókó kì í tẹ́ koríko sínú ihò náà. Orí èérún igi ni ó ń yé ẹyin funfun rẹ̀ sí, láti méjì dé mẹ́rin.

Ẹ dúró jìnnà, lábẹ́ ìbòòji, kí ẹ má sì kọjú sí ihò gan-an. Bí ẹyẹ bá ń ti ẹ̀ka kan bọ́ sí òmíràn tí kò wọlé, ẹ ti súnmọ́ ọn jù. Ẹ fà sẹ́yìn. Bí akọ àti abo bá ń gbapò lọ́wọ́ ara wọn ní ìdákẹ́jẹ́, ó ṣeé ṣe kí wọ́n máa sàba. Lóru, akọ ló sábà máa ń sùn ti ẹyin. Nígbà tí igbe bá ń dún nínú igi, ọmọ ti dé nìyẹn. Ẹ má ṣe gun igi náà, ẹ má sì ki ọwọ́ tàbí ọ̀pá bọ inú ihò náà.

Bí ẹ̀ka gbígbẹ náà kò bá dorí kọ òrùlé tàbí ojú ọ̀nà, ẹ bẹ mẹ́gáàdì àti ẹni tí ń tún ọgbà ṣe kí wọ́n má gé e, kódà lẹ́yìn tí àwọn ọmọ bá ti fò lọ, nítorí pé àwọn ẹyẹ tí kò lè gbẹ́ ihò fúnra wọn máa ń yé sínú ihò tí àkókó fi sílẹ̀.