Ìrọ̀lẹ́ Ọmọ Ilé Ìwé: Bí A Ṣe Lè Sọ Iṣẹ́ Àṣetiléwá Di Àṣà Nínú Ilé

Ní nǹkan bí aago méje alẹ́, ọmọ ọdún mẹ́jọ kan jókòó sórí ẹní pẹ̀lú ìwé ìṣirò níwájú rẹ̀. Tẹlifíṣọ̀n ń ké lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Kí ó tó parí ìbéèrè kìíní, ìyá rẹ̀ ti rán an lọ ra iyọ̀ ní ojúde, bàbá rẹ̀ ti ní kí ó bu omi wá, àbúrò rẹ̀ sì ti já bírò gbà mọ́ ọn lọ́wọ́. Nígbà tí aago mẹ́jọ ààbọ̀ fi máa lù, ìbéèrè méjì péré ni ó ti ṣe nínú mẹ́wàá. Ìyá wo ìwé náà, ó pòṣé, ó ní, "Olódo ni ọmọ yìí o." Olùkọ́ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mí, mo sì ti gbọ́ nípa irú ìrọ̀lẹ́ bẹ́ẹ̀ lẹ́nu àwọn òbí lọ́pọ̀ ìgbà, ṣùgbọ́n inú ilé tèmi ni èyí ti ṣẹlẹ̀, èmi gan-an sì ni ìyá tí ó pe ọmọ rẹ̀ ní olódo.

Ó pẹ́ kí n tó gbà pé kò sí ohun tí ó ṣe ọpọlọ ọmọ náà. Ohun tí a kọ́ ọ ni ó ń ṣe. Lójoojúmọ́ ni a ń fi hàn án pé iṣẹ́ ìwé jẹ́ ohun tí ẹnikẹ́ni lè dá dúró nígbà tí ó bá wù ú, àti pé èébú ni yóò gbẹ̀yìn rẹ̀. Ọmọ tí ó bá sì ti mọ̀ pé èébú ń bẹ nídìí ìwé kò ní sáré débẹ̀. Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde, ibẹ̀ náà sì ni ọmọ ti ń kó ìwà tí ó ń gbé lọ sí kíláàsì: bí ó ṣe ń jókòó, bí ó ṣe ń fara da ohun tí ó le, bí ó ṣe ń bèèrè ọ̀rọ̀ nígbà tí nǹkan kò bá yé e. Nítorí náà, kí ẹ tó fi owó lẹ́sìnnì kún owó ilé ìwé, ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ tún ìrọ̀lẹ́ ṣe.

Ohun àkọ́kọ́ ni pé kí ẹ so iṣẹ́ àṣetiléwá mọ́ nǹkan kan tí kì í yẹ̀ nínú ilé yín. Mi ò ní kí ẹ so ó mọ́ aago, nítorí sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ ọkọ̀ àti iná mànàmáná tí ń lọ tí ń bọ̀ kì í jẹ́ kí aago ṣeé gbára lé. Ẹ so ó mọ́ oúnjẹ. Ọmọ dé, ó bọ́ aṣọ ilé ìwé, ó wẹ̀, ó jẹun, ó fọ àwo rẹ̀, ó jókòó sídìí ìwé. Bí ó bá ti ń rí bẹ́ẹ̀ lójoojúmọ́, àwo tí ó fọ̀ ni yóò máa rán an létí, kò ní jẹ́ ẹnu yín mọ́. Kí ìjókòó náà má yí padà: àga kan, tábìlì kan, tàbí igun ẹní kan tí ìmọ́lẹ̀ ti ń dé ojú ìwé dáadáa, kí fìtílà tàbí iná sólà sì wà nítòsí kí ilẹ̀ tó ṣú. Bí ó bá jẹ́ pé ìsọ̀ lọ́jà ni ọmọ ti ń dúró de yín, kí àpótí kan wà níbẹ̀ tí ó jẹ́ tirẹ̀. Mo mọ àwọn ọmọ oníṣòwò tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ wọn dáadáa láàárín ariwo ọjà nítorí pé ìjókòó wọn kò yí padà, mo sì mọ ọmọ tí ó ní yàrá tirẹ̀ tí kò rí ibi jókòó sí.

Ẹ má retí pé ọ̀sẹ̀ kan yóò tó. Ìwádìí kan tí Phillippa Lally àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ní University College London tẹ̀ jáde ní ọdún 2010 tọpa ènìyàn 96 tí oníkálukú wọn yan ohun kékeré kan láti máa ṣe ní àkókò kan náà lójoojúmọ́. Ní ìpíndọ́gba, ó gba ọjọ́ 66 kí nǹkan náà tó mọ́ wọn lára débi pé wọn kò ní láti rò ó mọ́. Ti àwọn kan yá gidi, ti àwọn mìíràn sì pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa. Àgbàlagbà ni wọ́n, kì í ṣe ọmọdé, síbẹ̀ ohun méjì wà níbẹ̀ tí mo fi ń gba àwọn òbí níyànjú. Èkíní ni pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gba odidi sáà ìwé kan kí àṣà tó fìdí múlẹ̀, kí ẹ má ṣe jáwọ́ ní ọ̀sẹ̀ kẹta. Èkejì ni pé bí ènìyàn bá pa ọjọ́ kan jẹ, kò ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Bí ìnáwó tàbí àìsàn bá gba ìrọ̀lẹ́ kan lọ, ẹ padà sí ìjókòó náà ní ọjọ́ kejì láìsí ẹjọ́.

Nípa iṣẹ́ tí a ń rán ọmọ, mi ò dara pọ̀ mọ́ àwọn tí ó ní kí a má rán ọmọ ilé ìwé níṣẹ́ mọ́. Ọmọ tí a rán lọ ra ata, tí ó ṣírò ṣẹ́ńjì bọ̀, tí ó sì jíṣẹ́ láìgbàgbé, ẹ̀kọ́ ni ó kọ́. Àkókò tí a ń rán an ni kí a tún wò. Ẹ rán an kí ó tó jókòó tàbí lẹ́yìn tí ó bá dìde. Láàárín méjèèjì, kí gbogbo ilé mọ̀ pé kò sí ẹni tí yóò pe orúkọ rẹ̀, títí kan bàbá, títí kan ìyá àgbà. Ní ilé tèmi, èyí ni ó le jù láti tẹ̀lé, òun náà sì ni ó so èso jù. Kí tẹlifíṣọ̀n wà ní pípa, kí fóònù àgbà wà ní yàrá kejì. Àkókò náà kò sì gbọdọ̀ gùn jù: ní ìrírí tèmi, ogún ìṣẹ́jú tó fún ọmọ kíláàsì kìíní àti ìkejì, ogójì ìṣẹ́jú sì tó fún ọmọ kíláàsì karùn-ún.

Ẹ jókòó tì í, ṣùgbọ́n ẹ má bá a kọ ọ́. Ibi tí ọ̀pọ̀ òbí ti ń ṣìnà nìyí, nítorí wọ́n rò pé ìrànlọ́wọ́ ni kí ìdáhùn tètè jáde. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ọmọ mi fẹ́ yọ 17 kúrò nínú 42. Ó ti há a sórí ní Gẹ̀ẹ́sì pé kí ó lọ yá ẹ̀wá kan, ṣùgbọ́n kò mọ ọwọ́ ẹni tí ó ti ń yá a, kò sì mọ ìdí tí ó fi ń yá a. Mo ní kí ó pe 17 ní Yorùbá. Ó ní, "Mẹ́tàdínlógún." Mo ní, kí ni ìtumọ̀ ohun tí o pè yẹn? Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní, "Ogún tí ó dín mẹ́ta." Mo ní, ó dáa, yọ ogún odidi kúrò nínú méjìlélógójì. Ó ní ó ku méjìlélógún. Mo bi í pé, ṣé iye tí wọ́n ní kí o yọ nìyẹn? Ojú rẹ̀ là. "Mo ti fi mẹ́ta yọ jù! Ó yẹ kí n dá a padà." Ó dá a padà, ó di márùndínlọ́gbọ̀n, ó sì kọ 25 sílẹ̀ fúnra rẹ̀. Ìyọkúrò ti wà lẹ́nu rẹ̀ láti ìgbà tí ó ti ń ka owó. A kò kàn jẹ́ kí ó lò ó ni.

Èyí ni ó ń mú kí ọkàn mi bàjẹ́ nígbà tí mo bá rí ilé tí wọ́n ti ń fi ìyà jẹ ọmọ nítorí pé ó sọ èdè abínibí rẹ̀. Ní ọdún 1970, Yunifásítì Ifẹ̀, lábẹ́ ìdarí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá, bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ St. Stephen's "A" ní Mọdákẹ́kẹ́, níbi tí wọ́n ti fi èdè Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò, sáyẹ́ǹsì àti àwọn ẹ̀kọ́ yòókù fún ọdún mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, tí wọ́n sì ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì lọ́tọ̀ gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan. Àwọn ọmọ náà ta àwọn ẹgbẹ́ wọn tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ láti kíláàsì kẹrin yọ, wọn kò sì rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì pàápàá. Bí èdè tí ẹ ń sọ nínú ilé bá jẹ́ Yorùbá, ẹ fi ṣàlàyé iṣẹ́ fún ọmọ; bí ó bá ti yé e, yóò rí Gẹ̀ẹ́sì tí yóò fi kọ ọ́ sílẹ̀.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ ẹnu wa. "Olódo" kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí ń sọ ohun tí ọmọ ṣe, ọ̀rọ̀ tí ń sọ ohun tí ó jẹ́ ni, ọmọ tí a bá sì ti sọ fún ohun tí ó jẹ́ kò rí ìdí kankan tí yóò fi tún gbìyànjú. Ẹ fi "kò tíì" rọ́pò rẹ̀. "Kò tíì yé ọ" ń sọ òótọ́, ó sì ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀. Ohun tí ó ya ọ̀pọ̀ òbí lẹ́nu nígbà tí mo bá sọ ọ́ ni pé ìyìn náà lè ṣe ọmọ níbi. Claudia Mueller àti Carol Dweck ṣe ìwádìí kan tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 1998 lórí àwọn ọmọ kíláàsì karùn-ún ní Amẹ́ríkà. Wọ́n fún wọn ní iṣẹ́ tí wọ́n lè ṣe, wọ́n wá yin àwọn kan pé ọpọlọ wọn pé, wọ́n sì yin àwọn mìíràn pé wọ́n ṣiṣẹ́ kára. Nígbà tí iṣẹ́ tí ó le dé, àwọn tí a yìn fún ọpọlọ ni ó tètè sú, iṣẹ́ wọn sì rẹ̀yìn lẹ́yìn náà. Àwọn tí a yìn fún ìgbìyànjú tẹ̀ síwájú. Ìdí rẹ̀ kò ṣòro láti mọ̀: bí ó bá jẹ́ ọpọlọ ni ó mú mi gbà á tẹ́lẹ̀, àìgbà mi lónìí fi hàn pé ọpọlọ ti tán.

A ní ohun tí ó dára tí a lè fi yin ọmọ nínú àṣà wa, ìyẹn oríkì. Ẹ má kì í nítorí máàkì. Nígbà tí Àjàní bá pa ìdáhùn rẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta, tí ó sì tún kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kẹrin, nígbà yẹn gan-an ni kí ẹ pe oríkì rẹ̀, kí ẹ sì sọ ohun tí ẹ rí: "Mo rí i pé o kò fi í sílẹ̀." Àgbà tí ó ń rẹ̀ pàápàá máa ń nà ró bí wọ́n bá kì í.

Kí pàṣán má sì wà nítòsí ìwé rárá. Mo mọ̀ pé ẹgba ni wọ́n fi tọ́ púpọ̀ nínú wa, n kò sì bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí pé kí ọmọ gba ìbáwí. Ohun tí mo ń rí ní kíláàsì ni mo ń sọ: ọmọ tí wọ́n ń nà nítorí máàkì tètè ń kọ́ bí a ṣe ń fi ìwé pamọ́, bí a ṣe ń ya ojú ewé, bí a ṣe ń wo ìwé ẹlòmíràn. Ìbáwí tí ó bá iṣẹ́ ìwé mu ni pé kí eré dúró títí iṣẹ́ yóò fi parí, láìsí ariwo, láìsí àfikún. Bí ẹ bá fi ọwọ́ ọ̀tún bá a wí, ẹ fi ti òsì fà á mọ́ra ní alẹ́ ọjọ́ kan náà, kí ó má gbé ìbínú yín sùn.

Oorun náà wà nínú ọ̀rọ̀ yìí. Àwọn oníṣègùn tí ń rí sí ọ̀rọ̀ oorun ní Amẹ́ríkà dámọ̀ràn wákàtí 9 sí 12 lójúmọ́ fún ọmọ ọdún mẹ́fà sí méjìlá. Ọmọ tí yóò jí ní aago márùn-ún ààbọ̀ kí ọkọ̀ ilé ìwé tó dé gbọ́dọ̀ ti sùn ní aago mẹ́jọ ààbọ̀ alẹ́, èyí sì ni ìdí mìíràn tí iṣẹ́ àṣetiléwá kò fi yẹ kí ó bẹ̀rẹ̀ ní aago mẹ́jọ. Nígbà tí ó bá sì ń ṣe iṣẹ́ tirẹ̀, ẹ̀yin náà ẹ mú nǹkan lọ́wọ́ tí ẹ ó kà tàbí tí ẹ ó kọ: ìwé ìròyìn, Bíbélì, Kùránì, tàbí ìwé àkọsílẹ̀ ọjà. Kò pọn dandan kí ẹ sọ̀rọ̀.

Bí ẹ bá ti ṣe gbogbo èyí fún odidi sáà kan tí nǹkan kò yí padà, ẹ má tíì dá ìwà ọmọ lẹ́bi. Ẹ kíyè sí i bóyá ó ń sún mọ́ tẹlifíṣọ̀n jù, bóyá ó ń fún ojú pọ̀ kí ó tó ríran jìnnà, bóyá ó máa ń dáhùn "hẹ̀n?" nígbà tí ẹ bá pè é láti ẹ̀yìn, kí ẹ sì mú un lọ sí ilé ìwòsàn kí wọ́n yẹ ojú àti etí rẹ̀ wò. Ọmọkùnrin kan wà ní kíláàsì mi tí gbogbo ènìyàn gbà pé ó ya ọ̀lẹ, tí kì í sì í da ohun tí mo bá kọ sójú pátákó kọ tán. Ojú rẹ̀ ni kò ríran jìnnà. Ní ọ̀sẹ̀ tí ó kọ́kọ́ wọ awò ojú wá sí ilé ìwé, ó nawọ́ láti ìjókòó ẹ̀yìn, ó sì ka gbogbo ohun tí mo kọ sójú pátákó láti òkè dé ìsàlẹ̀, kí n tó ní kí ẹnikẹ́ni kà á.