Bí Mo Ṣe Fi Ìyẹ́ Adìyẹ Tí Ìyá Àgbà Fi Ń Ya Àdìrẹ Ṣe Iṣẹ́ Fọ́tò Ìrántí Wọn

Iṣẹ́ tí olùkọ́ wa nínú ẹ̀kọ́ fọ́tò yíyà gbé fún wa ní ìparí sáà ni pé kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan fi àwòrán bu ọlá fún ẹbí rẹ̀ kan tí ó ti di olóògbé, kí ó má sì lo ojú ẹni náà rárá. Ohun èlò kan ṣoṣo ni a gbọ́dọ̀ fi sọ irú ẹni tí ó jẹ́. Ìyá Àgbà, ìyá tí ó bí ìyá mi, ni mo yàn. Aládìrẹ ẹlẹ́kọ ni wọ́n ní Kẹ́mta, ní Abẹ́òkúta, láti ìgbà ọmọge wọn títí di ìgbà tí ọwọ́ wọn bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Nígbà tí a pín ẹrù wọn, ọ̀dọ̀ àwọn ẹ̀gbọ́n ìyá mi ni àwọn aṣọ lọ. Agolo bisikíìtì tí wọ́n ń kó ìyẹ́ adìyẹ sí ni èmi bẹ̀bẹ̀ fún.

Ẹni tí kò bá mọ iṣẹ́ náà lè máa ṣe kàyéfì pé kí ni ìyẹ́ adìyẹ ń wá nínú ọ̀rọ̀ aṣọ. Ẹ̀kọ tí a fi láfún rò, tí a fi álọ́ọ̀mù díẹ̀ sí, ni aládìrẹ fi ń ya ọnà sí ojú kan aṣọ funfun, ìyẹ́ adìyẹ sì ni gègé tí ó fi ń ya á. Ibi tí ẹ̀kọ bá bò, aró kì í mú un tó ibi tó ṣófo. Bí aláró bá ti rẹ aṣọ náà títí tó fi dúdú tó bí wọ́n ṣe fẹ́, tí ó sì gbẹ, wọn yóò ha ẹ̀kọ kúrò, ọnà yóò sì yọ. Orí ni gbogbo ọnà náà wà. Ìyá Àgbà kì í kọ́kọ́ fi lẹ́ẹ̀dì ya ohunkóhun sílẹ̀ kí wọ́n tó ki ìyẹ́ bọ inú ẹ̀kọ.

Ìyẹ́ kan wà nínú agolo náà tí ó dá mi lójú pé òun ni Ìyá Àgbà lò kẹ́yìn. Wọ́n ti tu irun ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì kúrò, ó ku bíńtín ní ṣóńṣó, wọ́n sì gé bíńtín náà dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ sí apá kan. Ẹ̀kọ tó ti gbẹ ṣì le mọ́ ọn. Ọ̀pá rẹ̀ tẹ̀ díẹ̀ níbi tí àtàǹpàkò wọn máa ń wà.

Mo kọ́kọ́ fi kámẹ́rà yà á lẹ́bàá fèrèsé, kí ìmọ́lẹ̀ lè ti ẹ̀gbẹ́ wá, kí gbogbo ẹ̀kọ gbígbẹ orí rẹ̀ lè hàn. Àwòrán náà dára, mo sì fi í kún iṣẹ́ náà, ṣùgbọ́n ohun tí mo ń wá ju kí ènìyàn rí ìyẹ́ lọ. Mo fẹ́ kí ìyẹ́ náà ṣiṣẹ́. J. D. 'Okhai Ojeikere, ayafọ́tò ọmọ Nàìjíríà, bẹ̀rẹ̀ sí í ya irun dídì àwọn obìnrin Nàìjíríà ní 1968, ẹ̀yìn orí ni ó sì sábà máa ń yà. A kì í rí ojú obìnrin náà, ṣùgbọ́n a máa ń rí ọwọ́ ẹni tí ó di irun náà, bí ó ṣe pín in àti bí ó ṣe fa á. Irú ọwọ́ bẹ́ẹ̀ ni mo fẹ́ kí ó hàn nínú tèmi.

Ọ̀nà tí mo wá yàn ni cyanotype, fọ́tò tí kò nílò kámẹ́rà, èyí tí John Herschel ṣàwárí ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1842. Láti 1843 ni Anna Atkins ti ń tẹ́ ewé inú òkun lé bébà tí a fi kẹ́míkà tí oòrùn ń yí àwọ̀ rẹ̀ padà pa, tí ó ń gbé e sí oòrùn. Ibi tí nǹkan bá bò yóò wà ní funfun, ibi tí oòrùn bá dé yóò di aláwọ̀ aró. Iṣẹ́ tí ẹ̀kọ ń ṣe lára àdìrẹ gan-an nìyí, àwọ̀ rẹ̀ náà sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọ̀kan, nítorí náà n kò tún wá ọ̀nà mìíràn.

Aṣọ òwú funfun ni mo lò dípò bébà. Mo sè é nínú omi gbígbóná kí sítáàṣì tí ilé iṣẹ́ fi sí i lè kúrò, mo ṣan án dáadáa, mo sì gé e sí igun mẹ́rin-mẹ́rin, nítorí pé báyẹn ni aládìrẹ ṣe ń pín aṣọ rẹ̀ kí ó tó ya ọnà sí i. Kẹ́míkà méjì ni iṣẹ́ náà gbà: mo pò gíráàmù 25 ferric ammonium citrate mọ́ mìlílítà omi 100 nínú ìgò dúdú kan, mo sì pò gíráàmù 10 potassium ferricyanide mọ́ omi iye kan náà nínú òmíràn. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́, kí ẹ má sì jẹ́ kí ásíìdì kankan dé ìtòsí ìgò kejì. Ní alẹ́, nínú yàrá tí mo fi aṣọ dí fèrèsé rẹ̀, mo da méjèèjì pọ̀ lọ́gbọọgba, mo fi búrọ́ọ̀ṣì pa á sára aṣọ náà fẹ́ẹ́rẹ́, mo sì sá a sínú òkùnkùn níbẹ̀ kí ó gbẹ.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, mo gbé páákó pẹlẹbẹ jáde sí ẹ̀yìnkùlé. Mo tẹ́ aṣọ lé e, mo gbé ìyẹ́ Ìyá Àgbà lé aṣọ, mo sì fi gíláàsì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ kí afẹ́fẹ́ má baà gbé e. Ẹ dúró tì í. Àwọ̀ rẹ̀ yóò kúrò ní yẹ́lò tó fara pẹ́ ewé, yóò di búlúù, lẹ́yìn náà yóò rí bí eérú tútù. Ìgbà yẹn ni kí ẹ gbé e wọlé. Oòrùn ọ̀sán gangan ló dára jù, torí pé tààrà ni ó ń bọ̀ láti òkè, etí ìyẹ́ náà a sì mú. Oòrùn àárọ̀ máa ń gba abẹ́ ọ̀pá rẹ̀ tó yi róbótó wọlé, etí rẹ̀ a sì rọ̀. Mo ṣe oríṣi méjèèjì nítorí ó wù mí kí àwọn kan dà bí ìgbà tí ọwọ́ ń lọ sókè kúrò lórí aṣọ.

Omi lásán ni mo fi ṣan án títí yẹ́lò inú rẹ̀ fi tán. Bí ẹ bá kán hydrogen peroxide díẹ̀, irú èyí tí ilé ìtajà olóògùn ń tà, sínú omi ìkẹyìn, lójú yín báyìí ni búlúù náà yóò ṣe dúdú. Ọṣẹ kò gbọdọ̀ kàn án, omi eérú pàápàá kò gbọdọ̀ kàn án. Ó yà mí lẹ́nu púpọ̀, nítorí pé omi eérú ni ẹ̀mí ìkòkò aró, òun náà ló sì ń pa àwọ̀ tèmi yìí.

Ìdajì méjì ni mo rán àwọn igun náà sí, mo sì wá rán ìdajì méjèèjì pọ̀ ní àárín gẹ́gẹ́ bí ìró àdìrẹ. N kò fi ọnà Olókun tàbí Ìbàdàndùn sí i. Ẹni tó kọ́ṣẹ́ ló ni àwọn ọnà wọ̀nyẹn, ìyẹ́ nìkan ni mo sì ní ẹ̀tọ́ láti tẹ̀.

Kí n tó gbé e lọ sílé ìwé, mo gbé e lọ sí Ìtòkú, ọjà àdìrẹ ní Abẹ́òkúta, sọ́dọ̀ ìyá kan tí ó kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ Ìyá Àgbà. Wọ́n yí ẹ̀yìn aṣọ náà sójú, wọ́n fi èékánná ha á.

"Kò sí ẹ̀kọ lára èyí. Kí lo fi dí i?"

"Ìyẹ́ Ìyá Àgbà ni mo gbé lé e, mà. Oòrùn ló ṣe ìyókù."

Wọ́n fi ìka tọ ojú funfun náà dé ṣóńṣó, níbi tí gígé gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ yẹn ti hàn ní ìwọ̀n rẹ̀ gan-an. "Àwọn nìkan ló ń gé e báyìí. Ọwọ́ òsì ni wọ́n fi ń ṣiṣẹ́." Mo mọ̀ pé ọwọ́ òsì ni wọ́n ń lò, n kò mọ̀ pé ìyẹ́ náà ń sọ ọ́.

Ní ọjọ́ ìfihàn, mo ní kí wọ́n kọ́ aṣọ náà sí ògiri tí oòrùn kì í dé, nítorí ìmọ́lẹ̀ púpọ̀ máa ń jẹ́ kí ó ṣá, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé púpọ̀ nínú àwọ̀ náà máa ń padà bí a bá ká a sínú òkùnkùn fún ìgbà díẹ̀. Lórí káàdì tí a lẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, orúkọ Ìyá Àgbà ni mo kọ sípò kìn-ín-ní gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ṣe iṣẹ́ náà, tèmi tẹ̀ lé e. Olùkọ́ wa béèrè ìdí rẹ̀, mo sì fi gígé orí ìyẹ́ náà hàn wọ́n, wọ́n sì ní kí n fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.